Iṣẹ́ báǹkì, ọ̀nà Ìkòròdú àti GMAT: èwo ni ká yẹ̀ fún?

Ọmọ Ìkòròdú:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báǹkì kan ní Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìkòròdú ni mò ń gbé. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jáde, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ń wọlé, ìyẹn bí ọ̀nà bá ṣojúure. Mo fẹ́ ṣe GMAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ òkòwò, kí n lè wá àyè MBA, oyè gíga nínú ìmọ̀ òkòwò, lọ́dún tó ń bọ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fún ara mi. Oṣù kan ti lọ báyìí, ojú ewé ogójì ni mo tíì kà, oorun ló sì ń bá mi ka ìyókù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kí n gbájú mọ́ ìwé. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n Sùúrùlérè:
Ọ̀rẹ́ rẹ ò purọ́. Ẹni tó lé eku méjì ló ń pòfo. Èmi fiṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin gbáko, mò ń lọ jókòó sí ilé-ìkàwé kan ní Yábàá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣe ìdánwò náà tí mo fi bọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó pa á pọ̀ mọ́ iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é. Dọ́là ni wọ́n sì ń gbà o, kì í ṣe náírà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Akántáǹtì Yábàá:
Eku kan nínú méjèèjì ló ń sanwó ilé, ẹ̀gbọ́n. Ta ló bọ́ yín ní oṣù mẹ́rin yẹn?

Ẹ̀gbọ́n Sùúrùlérè:
Mo ní owó díẹ̀ nípamọ́. Ilé bàbá mi ni mo sì ń gbé nígbà náà.

Akántáǹtì Yábàá:
Ilé bàbá yín! Ẹ ò bá ti fi ìyẹn ṣáájú ọ̀rọ̀ o.

Arábìnrin, ẹ má fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ owó tì ná. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yìí kì í wo máàkì nìkan. Wọ́n á béèrè iye ọdún tí ẹ ti fi ṣiṣẹ́, wọ́n á sì ní kí ọ̀gá yín kọ lẹ́tà nípa yín. Bí ẹ bá ti kúrò, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ohun tí ẹ ń ṣe láti oṣù yìí dé oṣù yẹn. Mo ti gbọ́ bí èèyàn ṣe ń kálòlò lórí ìbéèrè yẹn.

ICAN, ìdánwò àwọn akántáǹtì, ni mo kọ́kọ́ ṣe, lẹ́nu iṣẹ́, bí ọ̀pọ̀ akántáǹtì Èkó ṣe ń ṣe é. Nígbà tó kan GMAT, mo rò pé bákan náà ni. Bí mo bá dé, màá jẹun, màá wẹ̀, màá ki orí bọ ìwé láti aago mẹ́wàá di aago kan òru. Oṣù méjì àtààbọ̀ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Máàkì tí mo gbà lọ́jọ́ náà, n kò tíì sọ ọ́ fún ìyàwó mi dòní. GMAT ò fẹ́ àkọ́sórí. Ìṣirò inú rẹ̀ kò ju èyí tí a ṣe ní girama lọ, ẹ̀tàn tí wọ́n fi wé e ló le, ẹni tó ti rẹ̀ kì í sì í rí ẹ̀tàn. Ojú á là sílẹ̀, ọpọlọ á ti sùn lọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo yí i padà. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni mò ń sùn, kò sẹ́ni tó lè pè mí lẹ́yìn ìyẹn. Aago mẹ́rin ni mò ń jí. Wákàtí kan àtààbọ̀ péré lójúmọ́, kí foonu tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo ra ìwé kékeré kan, ìbéèrè tí mo bá ṣì nìkan ni mò ń kọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìdí tí mo fi ṣì í. Ìdí gidi ni o, kì í ṣe "n kò kà á dáadáa". Wọ́n á ní iye kan kò dín ní márùn-ún, èmi á kà á pé ó ju márùn-ún lọ. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo tó rí i pé irú àṣìṣe kan náà ló gba ìdajì ìwé yẹn. Látìgbà náà ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀.

Ìyá Ìbejì Kétu:
Mò ń ka gbogbo yín, mò ń rẹ́rìn-ín ni. Akántáǹtì, aago mẹ́rin ìdájí tí ẹ fi ń kàwé yẹn, ta ló ń se ìrẹsì tí àwọn ọmọ ń gbé lọ sílé ìwé? Ta ló ń wẹ̀ fún wọn?

Akántáǹtì Yábàá:
Ìyàwó mi ni, màámi. Mo gbà.

Ìyá Ìbejì Kétu:
Ó dáa bí ẹ ṣe gbà. Nílé tèmi, èmi ni aago mẹ́rin gan-an.

Inú ọkọ̀ ni mo ti kàwé tèmi, láti Kétu dé CMS nínú BRT. N kò yọ foonu jáde o, torí àwọn ọmọ tó ń gba ojú fèrèsé já nǹkan gbà kì í bèèrè pé kí lò ń kà. Páálí Indomie ni mo gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo kọ ìbéèrè kan síwájú, ìdáhùn sẹ́yìn, mo fi rọ́bà dì í. Ogún páálí lọ, ogún páálí bọ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí yọjú wo páálí ọwọ́ mi, ló bá ní ìdáhùn tí mo mú kò rí bẹ́ẹ̀. A jiyàn láti Fádéyí títí dé Costain. Mo yí ẹ̀yìn páálí, bàbá ló gbà á.

Àbúrò mi, má kọ̀wé fi nǹkan kan sílẹ̀. Àmọ́ má jẹ́ kí ọkùnrin tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń pín ọjọ́.

Àbúrò Fẹ́sítàkì:
Èmi gba ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì. Rélùwéè Blue Line ni tèmi, láti Mile 2 dé Marina. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní oṣù kẹsàn-án 2023 ni mo ti bọ́ lọ́wọ́ gó-sìló. Tútù ni inú ibẹ̀, mo máa ń ka ìwé lórí ìnàró.

Ọmọ Ìkòròdú:
Rélùwéè yín kò dé ọ̀dọ̀ wa o. Tí mo bá sì jókòó sínú ọkọ̀, oorun ni. Kí a tó dé Mile 12, mo ti ń mi orí bí alángbá.

Tísà Ìṣirò:
Ẹ dúró ná. Kó tó di pé a bá ara wa jà lórí aago, arábìnrin, ìwé wo lẹ̀ ń kà? Ṣé ìṣirò onígun mẹ́ta wà nínú rẹ̀?

Ọmọ Ìkòròdú:
Ó wà níbẹ̀ sà. Òun gan-an ló dá mi dúró ní ojú ewé ogójì yẹn. Àlòkù ni, Ojúẹlẹ́gba ni mo ti rà á.

Tísà Ìṣirò:
Ẹ gbé e fún ọmọ girama tó wà ládùúgbò yín, á wúlò fún un. Ìdánwò tí ìwé yẹn ń sọ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2024. Èyí tó wà níta báyìí, oṣù kọkànlá 2023 ni wọ́n gbé e jáde. Kò sí onígun mẹ́ta nínú rẹ̀, kò sí àròkọ, wọn kì í sì í ní kí ẹ tún gbólóhùn ṣe mọ́. Ìbéèrè 64 ni gbogbo rẹ̀: ìṣirò 21, òye èdè 23, àti apá tí wọ́n ń pè ní Data Insights, ìyẹn òye àtẹ òǹkà àti gíráàfù, 20. Ìṣẹ́jú 45 ni fún ìkọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tí ẹ fẹ́ fi ṣáájú. Láti 205 dé 805 ni máàkì rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní 700 lẹ gbọ́dọ̀ gbà, ti àtijọ́ ló ń sọ. 645 ti ìsinsìnyí ló wà níbi tí 700 wà nígbà yẹn.

Àwọn tó ni ìdánwò náà ń fúnni ní ìdánwò àṣewò méjì lọ́fẹ̀ẹ́ lórí mba.com. Ẹ ṣe ọ̀kan ní Sátidé yìí, láìtíì ka nǹkan kan sí i. Ẹ fi ìkejì pamọ́. Ibi tí ẹ bá ti ṣubú ni kí ẹ lọ gbé ọkọ́ sí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìwé láti ojú ewé kìíní tó sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kò lè dé ìparí rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ tọ́ ìdánwò yìí wò díẹ̀. Dánfó kan gbéra láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí CMS. Èló ni awakọ̀ gbà lọ́wọ́ èrò? Ẹ̀rí kìíní: 700 náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san. Ẹ̀rí kejì: èrò 14 ló wọ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó bọ́ọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí ni ìdáhùn?

Ẹ̀gbọ́n Sùúrùlérè:
9,800. Ìyẹn náà le?

Tísà Ìṣirò:
Ẹ ti ṣubú, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ kà á fún oṣù mẹ́rin! Wọn ò ní kí ẹ ṣírò owó. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ẹ̀rí wo ló tó láti fi mọ̀ ọ́n. Kìíní nìkan kò tó, ìkejì nìkan kò tó, àmọ́ bí méjèèjì bá pàdé, ó tó. Ẹ mú ìdáhùn yẹn, ẹ máa lọ. Ìṣẹ́jú tí ẹ fi sọ 14 di púpọ̀ lọ́nà 700, wọ́n ti jí i gbé lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n Sùúrùlérè:
Ó ti pé tí mo ṣe é. Àti pé ẹ gbàgbé owó àgbèrò, kò sí awakọ̀ tó ń gbé 9,800 délé.

Àbúrò Fẹ́sítàkì:
Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó dárúkọ GRE, ìdánwò ìgbàwọlé míì? Láti oṣù kẹsàn-án 2023 ni wọ́n ti gé e kúrú, kò pé wákàtí méjì mọ́. Ẹ̀rọ ìṣirò wà fún gbogbo apá ìṣirò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òkòwò ló sì ń gbà á.

Tísà Ìṣirò:
Wọ́n ń gbà á, òótọ́ ni. Àmọ́ onígun mẹ́ta tó ń bá arábìnrin jà wà nínú GRE digbí, àròkọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kì í fi nájà ní Balógun. Bó bá jẹ́ pé èdè dùn mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n lọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń wo àtẹ òǹkà àti gíráàfù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, Data Insights ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn.

Ọmọ Ìkòròdú:
Lóòótọ́, mo ń wo àtẹ òǹkà débi tí mo fi ń lá àlá rẹ̀. Ẹ ṣeun sà. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n sọ fún ọ̀gá mi? Akántáǹtì ní ọ̀gá ló máa kọ lẹ́tà.

Ìyá Ìbejì Kétu:
Má sọ! Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, mo fi òótọ́ inú sọ fún ọ̀gá mi pé mò ń múra ìwé. Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ gidi kankan ò kàn mí mọ́. "Ẹ fi í sílẹ̀, ó ń lọ." Ìgbà tí wọ́n gbé orúkọ àwọn tí wọ́n gbéga jáde, tèmi ò sí níbẹ̀, èmi tí mo kọ́ méjì nínú wọn níṣẹ́. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo tún lò lẹ́yìn ìyẹn kí n tó kúrò. Mú máàkì rẹ dání ná. Lẹ́yìn náà lo máa wá béèrè lẹ́tà.

Akántáǹtì Yábàá:
Níbí, n kò bá Ìyá Ìbejì jiyàn. Àfi kí ẹ sọ fún ẹnìkan ṣoṣo tó jù yín lọ, tí kì í ṣe òun ló ń fún yín níṣẹ́. Ẹni tí yóò máa bò yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba líìfù.

Ẹ má sì fi líìfù yín ṣòfò o. Ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ de ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn. Ìyẹn ni "fiṣẹ́ sílẹ̀" tó mọ́gbọ́n wá. Bí nǹkan ò bá rí bí ẹ ṣe fẹ́ lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ọjọ́ 16 lẹ lè tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n sì gbà láàárín oṣù méjìlá. Ọdún márùn-ún ni máàkì fi ń wúlò. Torí náà, ẹ má tìtorí oṣù mẹ́ta kú.

Ẹ̀gbọ́n Sùúrùlérè:
Ó dáa, mo gbà lórí líìfù. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin tó ń bá ọ̀nà Ìkòròdú lọ lójoojúmọ́, ẹ ò tíì dáhùn ìyẹn. Iṣẹ́ kọ́ ló ń jẹ ọmọ yìí níyà, ọ̀nà ni.

Ìyá Ẹléko Agric:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò fẹ́ dá sí i. Agric ni mò ń gbé, Broad Street ni ṣọ́ọ̀bù mi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ń gbéra nínú mọ́tò mi, ká tó kà á sí méjì a ti wà lórí Third Mainland, aago mẹ́fà ò tíì lù tí mo ti páàkì. Mo máa ń sùn nínú mọ́tò di aago méje. Èmi àti obìnrin méjì míì ni, àga kan ṣófo. Kí arábìnrin máa bọ̀, kó kàwé tiẹ̀ nígbà tí a bá ń sùn. Iná wà níbi tí mo ń páàkì sí.

Ọmọ Ìkòròdú:
Màámi! Èló ni owó epo?

Ìyá Ẹléko Agric:
Ti owó kọ́. Ọmọ mi fẹ́ ṣe irú ìdánwò yìí, kó o máa ṣàlàyé dánfó tí Tísà sọ yẹn fún mi lójú ọ̀nà kí n lè bá a sọ ọ́. Kò tíì yé mi ìdí tí a fi máa mọ iye owó tí a ò sì ní kà á.

Ìyá Ìbejì Kétu:
Àbúrò mi, inú mi dùn. Àmọ́ Èkó là wà o. Kó o tó wọlé, ya fọ́tò nọ́ńbà mọ́tò náà, kó o fi ránṣẹ́ sílé.

Ìyá Ẹléko Agric:
Kó yà á. Èmi náà á ya tiẹ̀.