Kí NCC Kó Àwọn Lẹ́tà Ìkọ̀kọ̀ Náà Síta

Ilé-ẹjọ́ àjọ ECOWAS l'Ábùjá ti là á mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, ọdún 2022 pé bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ti ìkànnì Twitter (tó ń jẹ́ X báyìí) mọ́ wa fún oṣù méje kò bófin mu. Ó tako abala 9 nínú ìwé àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé yẹn. Ilé-ẹjọ́ ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. A kí SERAP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, àti gbogbo àwọn tó jọ pẹjọ́ náà kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú wa ò tíì dùn dénú, nítorí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi tì í ṣì wà lápò ìjọba.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń sọ látìgbà tọ́rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ la tún fẹ́ sọ. Lai Mohammed, tó jẹ́ Mínísítà ìròyìn nígbà náà, ì báà kéde títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìkéde kì í ti ìkànnì pa. Iléeṣẹ́ tó ń ta dátà fún wa ló ń tì í, àṣẹ tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, fi ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Kò sí adájọ́ tó fọwọ́ sí àṣẹ yẹn. Kò sẹ́ni tó pe aráàlú pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Kì í ṣe orí Twitter ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2017, ìkànnì 21 ni NCC kọ̀wé sáwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n tì. Ọ̀rọ̀ Biafra ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé, ṣùgbọ́n Naij.com, tó jẹ́ ìkànnì ìròyìn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà nígbà náà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ká ní ìwé náà ò bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníròyìn ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ọ̀kan nínú wọn á kàn rí i pé kò ṣí, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, á gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, á sì gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà ìjọba ológun, tí àwọn agbófinró bá wá kó ìwé ìròyìn lórí pátákó àwọn tó ń tà á, gbogbo àdúgbò ló ń rí wọn. Ẹni tí wọ́n kó ọjà rẹ̀ mọ ẹni tó kó o, agbẹjọ́rò mọ ẹni tí yóò pè lẹ́jọ́. Ẹni tí wọ́n ti ìkànnì mọ́ lónìí lè má mọ̀ láéláé pé wọ́n ti nǹkan kan mọ́ òun.

Abala 146 nínú òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 ni wọ́n ń sá sí lẹ́yìn. Ó ní kí àwọn iléeṣẹ́ ran NCC “tàbí aláṣẹ mìíràn” lọ́wọ́ tó bá ti kọ̀wé béèrè, nítorí ààbò orílẹ̀-èdè tàbí láti dènà ìwà ọ̀daràn. Aláṣẹ mìíràn wo? Òfin ò sọ. Kò sọ ọjọ́ tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ yóò parí, kò sì dárúkọ ìkànnì títì rárá.

Ti Abubakar Malami, tó jẹ́ Mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, ló tilẹ̀ bí wa nínú jù. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ẹni tó bá tàpá sófin Twitter lọ sílé-ẹjọ́. Òfin wo? Abala 36(12) ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé a ò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin kíkọ kan ò là sílẹ̀, tí kò sì sọ ìjìyà rẹ̀. Àgbà amòfin ni. Kò lè ní òun ò ka ibẹ̀ rí. Ó ti sú wa kí ẹni tó búra láti dáàbò bo ìwé òfin máa fi òfin tí kò sí dẹ́rù ba ọmọ aráàlú tó kan tẹ fóònù.

Ẹ wá wo àbá ìlànà tí NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, gbé síta lóṣù Kẹfà ọdún 2022: tí àjọ ìjọba kan tó láṣẹ bá ti ní ọ̀rọ̀ kan lòdì sófin, kí iléeṣẹ́ yọ ọ́ láàárín wákàtí 24. Ìgbà wo ni ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà yóò rí agbẹjọ́rò, ká má tíì sọ adájọ́? A ò ní kí ìjọba máa wo ẹni tó ń fi àwòrán ìṣekúṣe ọmọdé ránṣẹ́ níran. Irú ẹjọ́ yẹn ò ní le láti rò níwájú adájọ́. Ọ̀rọ̀ tó ń bí aláṣẹ nínú ni kì í fẹ́ dé kọ́ọ̀tù.

Ńṣe ló yẹ kí NITDA ti fa àbá wákàtí 24 yẹn ya. Kí àwọn aṣòfin kọ ọ́ sínú abala 146 pé láìsí àṣẹ adájọ́, tó ní ọjọ́ ìparí, tí gbogbo ayé sì lè kà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti ìkànnì kankan. NCC ò sì nílò òfin tuntun kó tó dá wa lóhùn lórí ìwé ọdún 2017: èwo nínú ìkànnì 21 yẹn ló ṣì wà ní títì lónìí, ta ló sì ní kí wọ́n má ṣí i?