Ẹ Jẹ́ Kí Deltic Máa Kùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n kàn kun àwọn ẹ̀ńjìnnì rélùwéè Deltic, àwọn oní-dísù tó ń fa ọkọ̀ ojú irin láyé ọjọ́un, lọ́dà, kí wọ́n gbé wọn sí mùsíọ́mù, kó parí síbẹ̀.

22 péré ni ilé iṣẹ́ English Electric ṣe fún rélùwéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1961 àti 1962, ní ìlú Newton-le-Willows. Àwọn 22 yìí ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ńjìnnì aléèdú 55 lójú ọ̀nà London sí Edinburgh. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1982 ni àwọn Deltic náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mẹ́fà ló kù, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi dánrawò.

Inú rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀ńjìnnì méjì láti ilé iṣẹ́ Napier ló wà nínú Deltic kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí wọ́n torí ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun ṣe. Sìlíńdà 18, ìyẹn ihò tí epo ti ń jó, ni ẹ̀ńjìnnì Napier kan ní, ṣùgbọ́n pístìn rẹ̀, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ihò náà, jẹ́ 36, torí méjì-méjì ló ń kọjú síra nínú sìlíńdà kan. Wọ́n tò wọ́n ní onígun mẹ́ta, kránkṣáàfù kan, ọ̀pá irin tí pístìn ń yí, ní igun kọ̀ọ̀kan, ti ìsàlẹ̀ sì ń yí òdì sí méjì tó kù. Agbára ẹṣin 3,300 ni méjèèjì pa pọ̀. Mẹkáníìkì tí kò bá tíì tú irú èyí, kó tò ó padà, kó sì gbọ́ bó ṣe ń dún, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Láyé ọjọ́un, bí ọ̀kan bá kọṣẹ́, wọ́n á yọ odindi rẹ̀, wọ́n á fi òmíràn sí i. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe òmíràn mọ́. Ọwọ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló kù sí, bíi ẹgbẹ́ Deltic Preservation Society tó ń tọ́jú mẹ́ta ní Barrow Hill nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n ní bó bá ń sáré, á máa jẹ lára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti dúró ti èyí tí wọ́n fi dánrawò yẹn ní mùsíọ́mù Shildon, aláwọ̀ òfuurufú. Ó rẹwà gan-an. Láti 1961 ni kò ti fa nǹkan kan mọ́. Mo wò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, mo bá tèmi lọ.

Ní Barrow Hill, wọ́n tan ọ̀kan lójú wa. Èéfín bò wá, àyà mi ń gbọ̀n pẹ̀lú ilẹ̀, ọmọ mi fọwọ́ di etí, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbàlagbà kan tí kò mọ̀ wá rí wá tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó ń fọwọ́ ya onígun mẹ́ta sójú afẹ́fẹ́ fún un. Títí a fi délé lọ́mọ náà ń bi mí bí pístìn méjì ṣe ń gbé inú sìlíńdà kan ṣoṣo.