Ta ló ní Conservative ló ni Saffron Walden látìgbà ìwáṣẹ̀?

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tó di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní Britain lọ́dún 2024, bá ti délẹ̀, ẹnì kan á ṣáà yọjú láti sọ pé kí ló tiẹ̀ ṣe gan-an, ṣebí Saffron Walden, ibi tí Conservative ti ń wọlé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ni wọ́n gbé e lọ, kódà tí wọ́n bá fa ewúrẹ́ kalẹ̀ níbẹ̀, ewúrẹ́ yẹn á dé ilé aṣòfin. Èmi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan o, ẹ fẹ́ràn obìnrin yẹn ni o, ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀ ni o, ìyẹn ò kàn mí. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn ló ń dùn mí, torí àwọn tó ń sọ ọ́ ò wo ẹ̀yìn wò rárá.

Saffron Walden wà ní Essex lápá òkè, àwọn abúlé àti oko ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọdún 1885 ló di ẹkùn ìdìbò tó ń rán aṣòfin kan ṣoṣo lọ sí London. Ta ló kọ́kọ́ wọlé? Herbert Gardner, Liberal ni, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń bá Conservative du ìjọba nígbà yẹn. Ọdún mẹ́wàá ló lò. Charles Gold tó tẹ̀ lé e, Liberal. Armine Wodehouse, Liberal, òun ò pẹ́ tó fi kú. Jack Pease gbà á lọ́dún 1901, Liberal náà ni.

Pease yìí ló dùn jù nínú ìtàn yẹn, torí nígbà tó fi máa di 1910, ọkùnrin yìí ti di Chief Whip ìjọba, ìyẹn ẹni tó ń rí sí i pé gbogbo aṣòfin ẹgbẹ́ wọn dìbò bó ṣe yẹ, èèyàn ńlá ni, àmọ́ nígbà tí ìbò January 1910 dé àwọn ará Saffron Walden fìdí ẹ̀ janlẹ̀, wọ́n mú Douglas Proby ti Conservative. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ìbò méjì ni wọ́n dì lọ́dún yẹn, nígbà tó fi máa di December wọ́n ti lé Proby náà lọ, Cecil Beck sì gbà á padà fún Liberal títí di 1922. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: láti 1885 dé 1922, ọdún mẹ́tàdínlógójì, Conservative ò lò tó ọdún kan níbẹ̀. Ìwáṣẹ̀ wo wá nìyẹn?

Láti 1922 títí dòní, mo gbà, ọwọ́ wọn ló wà. Àmọ́ kó wà lọ́wọ́ ẹni kò ní kó má fẹ́ bọ́. Rab Butler dé ibẹ̀ ní 1929, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré, nígbà tó sì fi máa di 1945 gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, òun ni mínísítà tó ṣe òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1944. Wọ́n dìbò ní July 5, wọ́n wá ti àpótí pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta torí wọ́n ń dúró de ìbò àwọn sójà tó wà lókè òkun, July 26 ni wọ́n tó kà á. Ìbò 1,158 péré ni Butler fi ju ẹni tí Labour fà kalẹ̀. Ọkùnrin tí orúkọ ẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo òbí tó lọ́mọ nílé ìwé o! Tó bá jẹ́ pé ewúrẹ́ ni wọ́n fà kalẹ̀ lọ́dún yẹn, Labour ì bá ti jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá pa rọ́rọ́. Butler lọ ní 1965, Peter Kirk gbà á, Kirk kú ní 1977, Alan Haselhurst wọlé, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ogójì ọdún, kí Badenoch tó gbà á ní 2017.

Kí ló wà lára ohun tó jẹ́ kó dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ẹni tó ń ṣe ipò kejì. 2010, Lib Dem, ìyẹn ẹgbẹ́ tó jáde látinú Liberal àtijọ́. 2015, UKIP, àwọn tó fẹ́ kí Britain kúrò nínú EU. 2017, Labour. 2019, Lib Dem. Àwọn tí ò fẹ́ Conservative ò fìgbà kan fẹnu kò sí ẹnì kan, bí ẹgbẹ́ kan bá ṣe ń gbèrú ni òmíràn á gba ipò ẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ìbò ibẹ̀ ò sì kí ń ṣe pé kéèyàn kó ìdajì, ẹni tí tiẹ̀ bá ti pọ̀ jù ló wọlé, ó tán.

Ẹ sì má sọ fún mi pé àwọn ará ibẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń lé Conservative. Ní May 2019 wọ́n dìbò káńsù Uttlesford, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó kó apá tó pọ̀ jù nínú ẹkùn yẹn, ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Residents for Uttlesford sì gba ìjókòó 26 nínú 39, wọ́n gba káńsù mọ́ Conservative lọ́wọ́. Oṣù méje lẹ́yìn ẹ̀, ní December, Badenoch fi ìbò 27,594 ju ẹni tó ṣe ipò kejì. Ìlú kan náà, ọdún kan náà.

Ó wá ku 2024. Wọ́n ti ṣún ààlà díẹ̀, wọ́n sì ti yí orúkọ ẹ̀ sí North West Essex. Badenoch ní 19,360, Labour ní 16,750. Ìbò 2,610 ló kù nínú 27,594 yẹn o! Tí 1,306 èèyàn bá kúrò lẹ́yìn ẹ̀ bọ́ sí ti Labour, ó ti tán nìyẹn, kò ní sí nílé aṣòfin láti di olórí ẹgbẹ́ ní November ọdún yẹn. Ẹ sì wo Liz Truss, tó ti ṣe prime minister, 26,195 ló fi borí ní South West Norfolk ní 2019, kò jìnnà sí ti Badenoch, ní 2024 Labour fi ìbò 630 lé e dànù. Àwọn èèyàn ń pe tiẹ̀ náà ní síìtì ewúrẹ́.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Reform UK, ẹgbẹ́ mìíràn tó du ìbò 2024 yẹn. Ẹni tí wọ́n fà kalẹ̀ ní North West Essex ti fẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ ìbò tó pé, torí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n hú síta, àmọ́ àsìkò àtiyọ orúkọ ti kọjá, orúkọ ẹ̀ ṣì wà lórí ìwé ìbò pẹ̀lú orúkọ Reform. Èèyàn tó lé ní 7,000 ló sì dìbò fún un. Ọkùnrin tó ti kó ẹrù ẹ̀ lọ sílé, ìbò ẹ̀ ju ìlọ́po méjì iye tí Badenoch fi borí lọ.