Ìṣẹ́jú 30 Wo?

Ẹni tó kọ “ìṣẹ́jú 30” sábẹ́ àwòrán malai kofta yẹn, oúnjẹ India kan tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń dín, tí wọ́n sì ń kó sínú ọbẹ̀ ọlọ́ràá, ibi yòówù kó wà lálẹ́ òní, kí ata bọ́ sí i lójú. Mi ò ṣépè o. Ata lásán ni mo sọ, èyí tí omi á fọ̀. Ṣùgbọ́n kó bọ́ sí i lójú dáadáa.

Aago kan ọ̀sán Sátidé ni mo wọ ilé ìdáná. Nígbà tí mo fi máa gbé abọ́ ìkẹyìn sórí tábìlì, aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Mi ò jókòó, mi ò jẹun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sáré lọ tọ̀, ìgbà tí mo sì fi máa padà, nǹkan kan ti jó.

Leicester là ń gbé, ládùúgbò tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ju òkúta, orí ará Gujarat, ní ilẹ̀ India, ló máa bà. Púpọ̀ nínú wọn, tàbí àwọn òbí wọn, wá láti Uganda nígbà tí Idi Amin lé wọn jáde ní 1972. Àwọn aládùúgbò wa lápá ọ̀tún, ọkọ, ìyàwó àti ìyá ọkọ, ti ṣe wá lóore kọjá sísọ. Nígbà tí mo bí àwọn ìbejì, ìyàwó náà ló ń na oúnjẹ sí mi lórí ọgbà fún oṣù kan gbáko. Wọn kì í jẹ ẹran, wọn kì í jẹ ẹja, wọn kì í jẹ ẹyin. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́ kí n gbà wọ́n lálejò. Mo sì tún ní, báwo ni mo ṣe máa se ẹ̀wà fún ẹni tó ń se ẹ̀wà lójoojúmọ́? Oúnjẹ ọba ni mo máa sè. Oúnjẹ àwọn ọba Mughal tó jọba ní Delhi, ní ilẹ̀ India, láyé àtijọ́, aláìlẹ́ran, ọlọ́ràá, èyí tí òórùn rẹ̀ á gba àdúgbò kan. Ẹ wo ìgbéraga.

Mo wá a lórí fóònù. Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun nínú ilé ìdáná funfun ló ń rẹ́rìn-ín sí mi. Malai kofta, ìṣẹ́jú 30. Navratan korma, ọbẹ̀ ọlọ́ràá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ìṣẹ́jú 35. Biryani, ìrẹsì ẹlẹ́fọ̀ọ́, ìṣẹ́jú 45. Mo rò ó pọ̀, kò tó wákàtí méjì. Mo ní mo máa ráyè sùn lọ́sàn-án pàápàá.

Ibi tí jìbìtì náà wà rèé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ka èròjà: “Àlùbọ́sà 4, tí a ti rẹ́, tí a sì ti dín títí ó fi pọ́n.” Tí a ti dín! Ta ló dín in? “Kajú ife 1, tí a ti rẹ, tí a sì ti lọ̀ kúnná.” Ta ló rẹ ẹ́? “Pòtétò 3, tí a ti sè, tí a ti bó, tí a sì ti gún.” Gbogbo làálàá ilé ìdáná ni wọ́n kó pamọ́ sábẹ́ “tí a ti”, wọn ò wá kà á mọ́ àkókò. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń se iyán. Èròjà: iṣu 1, tí a ti bẹ, tí a ti sè, tí a sì ti gún. Ẹ bù ú sínú abọ́. Ó parí.

Àlùbọ́sà ló kọ́kọ́ fẹ́ sọ mí di wèrè. Oúnjẹ àwọn Mughal yìí kò ṣeé sè láìsí àlùbọ́sà díndín tí wọ́n ń pè ní birista. Òun ló ń fún ọbẹ̀ láwọ̀, òun ni wọ́n ń tẹ́ sáàárín ìrẹsì, òun náà ni wọ́n tún ń wọ́n sórí rẹ̀. Àlùbọ́sà ńlá mẹ́jọ ni mo rẹ́, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ojú mi ń da omi, imú mi ń da omi. Obìnrin aláṣọ funfun ní ìṣẹ́jú márùn-ún, á pọ́n. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún, àlùbọ́sà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń làágùn ni! Omi ló kún inú rẹ̀. Títí omi yẹn á fi gbẹ tán, kò lè pọ́n, ì báà jẹ́ alásè ọba ló ń dín in. Ogún ìṣẹ́jú, ó rọ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ń ronú. Ogójì ìṣẹ́jú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ àwọ̀ wúrà, Kẹ́hìndé ké láti òkè, mo yíjú sí àtẹ̀gùn, mo yíjú padà, ó ti dúdú, ó ti korò bí ewúro. Bí àlùbọ́sà ṣe ń ṣe nìyẹn: á jókòó bí àgbà títí, á wá sáré bí olè. Ó tún yẹ kéèyàn ti kó o kúrò nínú òróró kó tó pọ́n tán, torí ooru ara rẹ̀ ṣì ń dín in lọ nínú asẹ́. Ta ló sọ ìyẹn fún mi? Kò sẹ́ni. Mo da mẹ́jọ nù, mo tún rẹ́ mẹ́jọ mìíràn. Mẹ́jọ ọ̀hún, nígbà tó pọ́n tán, kò ju ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ.

Èéfín ti gba ilé. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná lójú àjà bẹ̀rẹ̀ sí í han. Bàbá Ìbejì gun àga, ó ń fi tówẹ́ẹ̀lì fẹ́ ẹ bí ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ kábíyèsí.

“Ìyá Ìbejì, gbogbo eléyìí, ṣé kò sí ẹran níbẹ̀ rárá?”

Mi ò dá a lóhùn. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi, ó sàn kí n má dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ àwọn ọba náà díẹ̀, torí ìbínú lé oorun lọ lójú mi lóru ọjọ́ náà, mo bá ń kàwé. Babur, tó dá ìjọba Mughal sílẹ̀ ní 1526, ráhùn nínú ìwé ìrántí ara rẹ̀ pé kò sí àjàrà gidi ní ilẹ̀ India, kò sí yìnyín, kò sí omi tútù, kò sí búrẹ́dì tó dáa lọ́jà. Ọkùnrin tó gba odindi Delhi, búrẹ́dì ló ń dùn ún! Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tòmátì inú agolo tí obìnrin aláṣọ funfun sì ń dà sínú ọbẹ̀ tó pè ní “ti ọba”, Babur kò rí i rí láyé rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tòmátì àti ata ti wá, àwọn ará Potogí ló sì gbé ata dé India. Kajú pàápàá, àwọn ará Potogí yẹn ló gbé e wá láti Brazil tòun ti orúkọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ará India fi ń pè é ní kaju, tí àwa náà ń pè é ní kajú. Mo ti mọ ìyẹn láti ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí mo sọ “kajú” fún bàbá tó ń tajà tó sì nawọ́ síbẹ̀ láìbéèrè. Nǹkan kan ṣoṣo tó lọ ní ìrọ̀rùn fún mi ní gbogbo ọjọ́ náà nìyẹn.

Akbar, ọmọ-ọmọ Babur, tó jọba láti 1556 sí 1605, ní àwọn ọjọ́ tí kì í fẹnu kan ẹran. Abu'l-Fazl tó kọ̀wé nípa ìjọba rẹ̀ pín oúnjẹ ààfin sí ọ̀nà mẹ́ta, èyí tí kò lẹ́ran nínú, tí wọ́n ń pè ní sufiyana, ló sì fi ṣáájú. Ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ láìtijú: khichri, ìrẹsì àti ẹ̀wà pípín àti ghee (bọ́tà tí wọ́n yọ́, tí wọ́n sì sẹ́), ìwọ̀n kan náà. Ẹ gbọ́ o, ghee tó ìrẹsì! Ó tún kọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà. Àwọn alásè wá láti onírúurú ilẹ̀. Ọ̀gá kan wà lórí wọn, Mir Bakawal. Àwọn tó ń tọ́ ọ wò wà. Àwọn tó ń fi aṣọ di abọ́ wà, tí Mir Bakawal á sì lu òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn kí wọ́n tó gbé e síwájú ọba. Odindi ẹgbẹ́ ogun ló ń se oúnjẹ yìí. Èmi ńkọ́? Sítóòfù olójú mẹ́rin, ọ̀kan kì í tàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé ìdáná. Aago mẹ́rin lù, fóònù dún. Ìyàwó aládùúgbò wa ni. Ó ní òun gbàgbé láti sọ pé Ba, ìyá ọkọ rẹ̀ (ìyá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀), ti ń tẹ̀ lé ẹ̀sìn Jain wọn dáadáa láìpẹ́ yìí, kì í jẹ àlùbọ́sà mọ́, kì í jẹ áyù, kì í jẹ pòtétò, ohunkóhun tó bá ta gbòǹgbò sábẹ́ ilẹ̀ kì í wọ ẹnu rẹ̀, kì í sì í jẹun lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ṣùgbọ́n kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu o.

Àlùbọ́sà mẹ́rìndínlógún!

Mi ò bá Ba wí. Ẹ̀sìn ni, mo sì mọ àwọn ìyá tiwa tí kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ kan ṣá lọ́sẹ̀. Oṣù kẹfà la wà, oòrùn ilẹ̀ yìí kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án fi kọjá. Mo mú ìkòkò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Korma ló kàn. Navratan, òkúta iyebíye mẹ́sàn-án ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, oríṣi nǹkan mẹ́sàn-án ló sì yẹ kó wà nínú ìkòkò: karọ́ọ̀tì, pòtétò, paneer, àjàrà gbígbẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ ka ìyókù fúnra yín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tí í jinná. Ìṣẹ́jú 35, níbo? Wọ́n wá ní kí n “da yógọ́ọ̀tì sí i”. Da! Bí ẹni ní kéèyàn da omi sẹ́sẹ̀. Mo gbé e látinú fíríìjì, mo dà á sínú ìkòkò tó ń hó, ó dì lójú ẹsẹ̀, wínníwínní, bí wàrà tí bòmubòmu bà. Ó yẹ kí n lù ú kó dọ́gba, kí n rẹ iná sílẹ̀, kí n máa fi ṣíbí bù ú sí i díẹ̀díẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìyẹn. Kò sí àyè fún un lórí ìwé wọn, ṣùgbọ́n àyè wà láti ròyìn ìrìn-àjò tí obìnrin náà lọ sí Jaipur.

Ní ti paneer, ẹ má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín, wàrà ni. Àwọn obìnrin Fúlàní tó ń kiri ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí ń fi omi bòmubòmu dì í, àwọn ará India ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ dì í, méjèèjì kì í yọ́ nínú òróró. Mo wá ní, bó bá jẹ́ wàrà àti pòtétò ni wọ́n gún pọ̀, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n dín, kí ló lè ṣòro nínú kofta? Èmi tí mo ti ń dín àkàrà láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Kofta àkọ́kọ́ wọ inú òróró, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tú ká. Ìkejì tẹ̀ lé e. Omi ló wà nínú paneer náà. Ó yẹ kí n ti gbé nǹkan wúwo lé e kó ro gbẹ, kí pòtétò sì ti tutù pátápátá kí n tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ odó ni mo gbé lé e. Wákàtí kan mìíràn.

Saffron, èròjà olóòórùn tí wọ́n ń já látinú òdòdó, mi ò ní sọ púpọ̀. Pọ́n-ùn mẹ́rin ni mo rà á. Okùn mẹ́ta péré ló wà nínú òdòdó kan, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń já a, mo gbà pé ó yẹ kó wọ́n. Mo ṣí i, mo sín. Ẹ fojú inú wo ìyókù.

Biryani nìkan ló ṣàánú mi. Mo fi ìyẹ̀fun pípò lẹ ìdérí mọ́ ìkòkò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é, mo rẹ iná sílẹ̀, mi ò lè ṣí i wò, torí náà mi ò lè bà á jẹ́. Ó jó díẹ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ló ń bínú sí ìsàlẹ̀ ìkòkò?

Ọ̀rọ̀ ìkòkò kékeré yẹn wá kù. Mo bu kajú tí mo ti lọ̀ sínú rẹ̀, mo gé paneer sí i, mo da ọ̀rá wàrà lé e, mo fọ́ cardamom, èso olóòórùn dídùn, mélòó kan, mo fi iyọ̀ sí i. Mo wo aago. Kò gbà ju ìṣẹ́jú 12 lọ. Mo dúró, mo ń wo ìkòkò, inú ń bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ó yé mi pé obìnrin aláṣọ funfun kò kúkú purọ́ tán. Òun náà ní ẹnì kan níbì kan, lẹ́yìn ògiri funfun yẹn, tí ojú rẹ̀ ń da omi lórí àlùbọ́sà mẹ́rìndínlógún. A ò kàn rí i nínú àwòrán ni.

Wọ́n dé. Wọ́n jẹun. Ba jẹ tirẹ̀ tán kí oòrùn tó wọ̀, ó fi búrẹ́dì nu abọ́. Ìyàwó ilé yìn mí títí, ó ní àwọn kì í se irú èyí nílé láéláé, wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ibi ìgbéyàwó àti ilé oúnjẹ ni àwọn ti ń jẹ ẹ́. Nílé, dal (ọbẹ̀ ẹ̀wà pípín) àti rotli (búrẹ́dì pẹlẹbẹ) ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ba wá sọ nǹkan kan ní èdè wọn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi: Ba fẹ́ mọ ohun tí ẹ máa ń dín láàárọ̀ Sátidé, tó ń ta sánsán gba ojú fèrèsé wa, tó dà bí ẹ̀wà. Ṣé ẹ lè bá òun ṣe é láìsí àlùbọ́sà? Ṣé kì í pẹ́ ṣe?

Mo la ẹnu mi báyìí, mo ní, “Kì í pẹ́ rárá, Ba. Ìṣẹ́jú 30 péré.”