Busia tó lé wa ní Gánà: ṣé ìyẹn nìkan la ó fi rántí rẹ̀?

Àkànní Yábàá: Ẹ̀yin ará mi, ìbéèrè kan rèé. Kofi Abrefa Busia, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kàwé ní Oxford. Òun ló ṣáájú ẹgbẹ́ alátakò láyé Nkrumah, títí ó fi sá kúrò nílùú ní 1959. Nígbà ìbò 1969, ẹgbẹ́ rẹ̀, Progress Party, kó àga 105 nínú 140, ó sì di olórí ìjọba. Kò lò ju ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ lọ tí sójà fi gbà á. Ṣùgbọ́n l'Ékòó níbí, ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ò ju pé ó lé àwọn èèyàn wa. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ìyá Ìbejì Múṣin: Bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Àbúrò, ìyẹn náà tó. Bàbá bàbá mi ní ìsọ̀ aṣọ ní Kumasi. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969 ni àṣẹ jáde, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún ẹni tí kò níwèé ìgbélùú. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ látayé òyìnbó, ta ló sọ fún un pé kó lọ gbàwé? Ó fi ìsọ̀ sílẹ̀, ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, kó tó wá tún ayé bẹ̀rẹ̀ lórí àtẹ n'Ídùmọ̀tà. Títí ó fi kú, bí a bá ba nǹkan jẹ́ nílé, èdè Twi ti Gánà ló fi ń bú wa.

Káyọ̀dé Ṣómólú: Nkrumah ò ṣe é re rárá.

Àkànní Yábàá: Ẹ̀gbọ́n, Busia ni mo kọ.

Káyọ̀dé Ṣómólú: Mo rí i. Nkrumah ò ṣe é re.

Adé Èjìgbò: Àwa ará Èjìgbò ò bá wọn dé Gánà, Abidjan la gbà lọ.

Ìyá Ìbejì Múṣin: Èjìgbò wo? Ti ìtòsí Ìsọlọ̀?

Adé Èjìgbò: T'Ọ̀ṣun ni o! Ti ìtòsí Ìsọlọ̀ ò tíì lọ ibì kankan, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò jẹ́ kí wọ́n jáde.

Olóòótọ́ Súrùlérè: Shagari tiwa ńkọ́? Oṣù kìíní 1983, ọ̀sẹ̀ méjì náà lòun náà fún àwọn ará Gánà. Ẹ má sunkún ẹyọ kan.

Àlàájà Oníbáàgì: Ọdún yẹn gan-an ni báàgì wa gba orúkọ, Gana Mọ́sì Gò. Kékeré wà, ńlá wà. Ẹ wá bá mi ní Balógun.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Àlàájà, ẹ má bínú, irọ́ ni. Àtìgbà Busia ni báàgì yẹn ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ló sọ fún mi.

Àlàájà Oníbáàgì: Ọmọ yìí, ta ni wọ́n lé nígbà Busia? Ṣebí àwa ni. Ṣé ọmọ Gánà ń lé ara ẹ̀ jáde ní Gánà ni?

Ìyá Ìbejì Múṣin: 😂😂😂

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ẹ fi báàgì sílẹ̀ mà. Èyí tí ẹ tà fún mi nínú oṣù kejìlá, a ò tíì dé Ọ̀jọ́tà tí síìpù fi já. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ìyàwó mi ló bọ́ sójú títì.

Àlàájà Oníbáàgì: Kí lo kó sínú ẹ̀?

Ọmọ Ṣọ̀ún: Aṣọ.

Àlàájà Oníbáàgì: Aṣọ nìkan?

Ọmọ Ṣọ̀ún: Aṣọ àti ìrẹsì díẹ̀.

Àlàájà Oníbáàgì: Ẹ gbọ́ o! Ìrẹsì DÍẸ̀!

Olóòótọ́ Súrùlérè: MO NÍ SHAGARI ŃKỌ́?

Tíṣà Èbúté Mẹ́tta: Ohun tó gbé Busia ṣubú kọ́ lẹ̀ ń sọ yìí. Owó kòkó já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, gbèsè ìjọba tó kọjá wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì lé ló jẹ́ alágbàṣe lóko kòkó. Nínú oṣù kejìlá 1971 ó já sídì, owó Gánà, wálẹ̀, gbogbo ọjà gbẹ́nu sókè. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1972, sójà tó ń jẹ́ Acheampong gbàjọba nígbà tí Busia ń gba ìtọ́jú ní London. Busia tó ṣáájú alátakò yìí kan náà ló lé òṣìṣẹ́ ìjọba 568 lọ́dún 1970. Ọ̀kan nínú wọn, Sallah, pè é lẹ́jọ́, ó jàre. Busia bọ́ sórí rédíò, ó ní kò sí kóòtù tó lè fipá mú ìjọba gba ẹnikẹ́ni padà síṣẹ́. Èmi ò rí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín òun àti Nkrumah tó ń bá jà.

Káyọ̀dé Ṣómólú: Ó gùn jù, Tíṣà. Ṣùgbọ́n mo rí Nkrumah níbẹ̀. Mo sọ fún yín.

Adé Èjìgbò: Àlàájà, ẹlòó ni ńlá?

Àkànní Yábàá: Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mi ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Múṣin: Ìrẹsì yẹn, ṣé ẹ rí i ṣà?

Ọmọ Ṣọ̀ún: A ò rí ju ìdajì lọ, mà.

Àlàájà Oníbáàgì: Gbé báàgì yẹn wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá bá ẹ pààrọ̀ síìpù. Ṣùgbọ́n Shagari ni.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ẹ ṣé mà. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Busia ni.