Àtúnṣe: Ilé ẹjọ́ kò dá Dókítà Anna Pou lẹ́bi
Àwọn èèyàn ń pín in kiri pé ilé ẹjọ́ dá Dókítà Anna Pou, tó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn Memorial ní New Orleans, ní Amẹ́ríkà, nígbà ìjì Katrina ọdún 2005, lẹ́bi pé ó fi oògùn pa àwọn aláìsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Lóòótọ́ ni wọ́n mú òun àti nọ́ọ̀sì méjì ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n ní ọdún 2007, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó yẹ ẹ̀rí wò ní New Orleans kọ̀ láti fẹ̀sùn kàn án. Ní ilé ìwòsàn Memorial, níbi tí wọ́n ti bá òkú 45, jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì ń fi ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ sínú aláìsàn, wọ́n sì ń fi nọ́ńbà sára ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó gba 3, tí àìsàn rẹ̀ le jù, yóò kúrò kẹ́yìn. Ìbéèrè lórí oògùn tí wọ́n fún àwọn aláìsàn kan, bóyá òun ló pa wọ́n, ṣì wà nílẹ̀, ó sì tọ́ ká bèèrè rẹ̀ láìparọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.