Kí CREATE FUNCTION àti kóòdù C máa gbé inú àpò kóòdù (repository) kan náà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, pàápàá ẹ̀yin ọmọ LAUTECH tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ C, ẹ gbọ́ SQL. Ibi tí méjèèjì ti ń pàdé, ìyẹn gbólóhùn CREATE FUNCTION, ni a kì í kà sí, ó sì ń dùn mí.

Ẹ wo ìwé orúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Akọ̀wé kan á kọ Adébọ́lá, èkejì á kọ Adebola. Ẹni tó bá fi ọ̀kan wá orúkọ kò ní rí èkejì. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́ nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà: ọ ló wà níwájú, àmì ń tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè kọ function C tó ń yọ àmì kúrò, kó compile rẹ̀ sí fáìlì .so (fáìlì kóòdù tí ètò míì lè ṣí lò), kó sì wí fún dátábéèsì PostgreSQL pé:

CREATE FUNCTION yo_ami(text) RETURNS text
AS '$libdir/yo_ami', 'yo_ami'
LANGUAGE C STRICT IMMUTABLE;

Gbólóhùn yìí ni alárinà. PostgreSQL á ṣí fáìlì náà, á wò ó bóyá orúkọ yẹn wà nínú rẹ̀. Láti ẹ̀dà 8.2 ti ọdún 2006, ó tún ń wo PG_MODULE_MAGIC, àmì inú fáìlì tó ń sọ ẹ̀dà tí wọ́n compile rẹ̀ fún, kí fáìlì tí wọ́n compile fún ẹ̀dà míì má baà wọlé. Ó parí síbẹ̀. Kò ní wò ó bóyá ohun tí ẹ pè ní text ni C ń retí. Bí ẹ bá kọ integer síbi tí C ti ń retí text, C á mú nọ́ńbà yẹn bí àdírẹ́sì inú mẹ́mórì, á kú. Sáfà á sì já gbogbo àwọn tó kù tí wọ́n ń lò ó lọ́wọ́, nítorí kò mọ ohun tó ti bàjẹ́ nínú mẹ́mórì tí wọ́n jọ ń lò. Akọ̀wé tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá, tí kò mọ nǹkan kan nípa function yín, òun náà á já. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá gbàgbé STRICT, tí kì í jẹ́ kí NULL (àìsí iye) dé inú function, tí NULL sì wọlé sínú kóòdù tí kò fi PG_ARGISNULL bèèrè bóyá NULL ni.

IMMUTABLE, ìlérí pé ohun kan náà tó bá wọlé á máa mú ìdáhùn kan náà jáde nígbà gbogbo, ni mo bẹ̀rù jù, nítorí kì í pariwo. Ẹ wo unaccent, function tó ń yọ àmì, tó bá PostgreSQL wá: STABLE ni wọ́n pè é, ìyẹn pé ìdáhùn rẹ̀ lè yí padà lọ́jọ́ míì, torí pé fáìlì òfin rẹ̀ lè yí padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi function míì bò ó, wọ́n á pe ìyẹn ní IMMUTABLE kó lè wọ inú index, atọ́ka tí dátábéèsì fi ń tètè wá nǹkan. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá yí òfin náà padà, ìdáhùn àtijọ́ ló ṣì wà nínú index. Wọ́n á sọ fún bàbá àgbàlagbà pé orúkọ rẹ̀ kò sí níwèé, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ wà níbẹ̀.

Nítorí náà, èmi kò fara mọ́ kí èèyàn jókòó sídìí sáfà lóru, kó tẹ CREATE FUNCTION láti orí, kó sì lọ sùn. Inú àpò tí kóòdù C wà ni kó wà, kí ẹnì kan náà yẹ méjèèjì wò pọ̀. Ìdí tí CREATE EXTENSION, tó ń so gbólóhùn SQL àti fáìlì C pọ̀ bí ẹrù kan, fi wà nìyẹn. Àwọn kan á ní àwọn dátábéèsì míì ní ọ̀nà tiwọn, Db2 ní FENCED, Oracle ní extproc, níbi tí kóòdù náà ti ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí dátábéèsì. Òótọ́ ni, ó ń dín jàǹbá kù. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí kò tọ̀nà kò di òtítọ́ nítorí pé ó ti yàrá míì wá. Bí SQL lásán bá sì lè ṣe iṣẹ́ náà, kí ló kan C?

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ní .so lórí sáfà, tí ẹ kò rí gbólóhùn rẹ̀ nínú àpò kóòdù yín, ẹ lo pg_get_functiondef lónìí. Á kọ ọ́ jáde fún yín. Ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì C, kí ẹ wá kà wọ́n pọ̀, láti orí text àkọ́kọ́ dé IMMUTABLE.